Orí Ẹṣin Ni Mo Ti Kọ́ Ìjókòó

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àtàrí bàbá mi. Mo ti ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, orí ẹṣin ni mo sì wà. Títí di ọjọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wo gbogbo ayé. Mo mọ bàtà gbogbo ẹni tó ń wọ ilé wa, mo mọ ẹsẹ̀ tó ń wú àti gìgísẹ̀ tó ti sán, mo sì mọ abẹ́ àgbọ̀n àwọn ènìyàn ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ. Wọ́n wá gbé mi sórí ẹran gíga yìí, bàbá mi dúró tì mí, ó di itan mi mú bí ẹni tó gbé agbọ̀n ẹyin. Bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ ẹṣin ni fìlà rẹ̀ jábọ́, mo sì rí i pé àárín orí rẹ̀ ti pá, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé bàbá mi pá lórí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí èmi bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ara mi ló máa ń le bí igi, n ó sì ta sẹ́yìn. Bàbá mi rò pé gìrì ló mú mi. Ó ní kí wọ́n tètè gbé ọmọ òun sọ̀ kalẹ̀, n kò sì ní ẹnu tí mo lè fi sọ fún un pé orí rẹ̀ ni mò ń rín.

Kumasi ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé bàbá àgbà ní Fante New Town. Ìlọrin ni bàbá àgbà ti wá nígbà èwe rẹ̀. Ó bá àwọn olówò wá, ó sì di alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò ní kéwú. Alfa ni gbogbo ayé ń pè é, àwa ọmọ ilé náà kò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Bàbá mi tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ṣe fítà ní Suame Magazine, ó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìyá mi ń rán híjáàbù nínú yàrá tí a ń sùn. Wọ́n ní ìrọbí ìyá mi pẹ́ jù, pé nígbà tí mo dé, n kò ké, àwọ̀ mi sì ti yí padà, nítorí èémí kò tètè dé ọpọlọ mi. Láti ìgbà náà ni ara mi ti ń le. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì a máa gun ara wọn bí àlùmọ́gàjí tí wọ́n pa dé, ọwọ́ ọ̀tún mi a ká mọ́ àyà, ẹ̀yìn mi kò sì lè gbé orí mi. Sí-pí ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn aládùúgbò ní orúkọ tiwọn. Obìnrin kan sọ fún ìyá mi pé ọmọ odò ni mí, pé àwọn àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú mi padà sétí omi. Ìyá mi kò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun kíkí i ni, kò sì kí i títí obìnrin náà fi kó kúrò ládùúgbò.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni àwọn ọmọ kéwú máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Oníkálukú á jókòó sórí awọ àgùntàn, á gbé wàláà rẹ̀ lé itan, ariwo á sì sọ. Ìyá mi a máa tẹ́ mi sẹ́nu ọ̀nà yàrá kí n lè rí atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà, tí mo sì ń kà á tẹ̀lé wọn. Ètè mi á máa gbọ̀n, itọ́ á máa ṣàn, àwọn àlejò á ní kí ìyá mi wo bí àìsàn ṣe ń dá ọmọ rẹ̀ lóró. Kéwú ni mò ń ké. Ọ̀rọ̀ mi kì í yára jáde, bó bá sì jáde, ó máa ń lọ́ mọ́ra wọn débi pé ìyá mi nìkan ló ń gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé onírẹ̀lẹ̀ ọmọ ni mí o. Bí ọmọ kan bá ṣi kà, inú mi á ru bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ ibẹ̀, n ó sì bú u nínú mi ní Yorùbá àti ní Twi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti túká, Alfa jókòó nítòsí mi, ó ń ké kéwú sókè jẹ́jẹ́. Ikọ́ gbà á, ó dákẹ́. Èmi kò dákẹ́. Mo ń bá a lọ láti ibi tó dúró sí. Alfa tẹ etí sẹ́nu mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, omi ti lé sí i lójú. Ó pe ìyá mi jáde, ó ní ọmọ yìí máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wòlímà, ayẹyẹ tí ọmọ kéwú fi ń kàwé níwájú ìjọ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ó ti kẹ́kọ̀ọ́ yege.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó ní òun á jókòó sẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, òun á gbá mi mọ́ra, òun á sì bá mi di wàláà mú. Alfa mi orí. Ó ní, "Rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé níwájú mi, á dá jókòó, á dá wàláà rẹ̀ gbé lé itan. Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi n'Ílọrin nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọkọ rẹ. N kì í yọ ẹnì kan sọ́tọ̀."

Mo gbọ́ nígbà tí ìyá mi ń sọkún fún bàbá mi nínú yàrá. Ó ní Alfa ò fẹ́ kí wọ́n rí mi láwùjọ ni, pé ó kàn wá ọ̀nà ọmọlúàbí fi sọ ọ́. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọ́n ń tìtorí mi jà wà lórí ẹní láàárín wọn, inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ayé, gbogbo ènìyàn ló ń fún mi ní nǹkan: wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, wọ́n ń fún mi lóògùn, wọ́n ń fún mi ní sàráà àti àánú. Alfa ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé màá jókòó. Bí mo ṣe máa ṣe é ni n kò mọ̀.

Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó ń na ara àwọn ọmọ bíi tèmi, tó sì ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá. Físíò ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀, àwa náà sì sọ ọ́ di orúkọ fún un. Àṣàńtí ni, ó ga, kì í tètè rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí ọwọ́ ẹni tó ń gún fùfù. Nígbà tí ìyá mi ròyìn òfin Alfa fún un, kò bá a bínú sí Alfa. Ó wò mí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún wa nípa ọkùnrin Hausa kan tó ní ẹṣin ní pápá kan lẹ́yìn ìlú, tó máa ń fi wọ́n háyà fún ọdún Sàlá àti ìgbéyàwó. Ó ní òun ti bá a sọ ọ́ pé kó máa yọ̀ǹda abo ẹṣin kan tó tutù fún àwọn ọmọ òun ní òwúrọ̀ Sátidé, nítorí pé ẹṣin mọ nǹkan kan tí ọwọ́ òun kò mọ̀.

Bàbá mi kọ̀. Ó ní bí ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé bá ń ṣubú lórí ẹṣin, kí ni ti ọmọ tó ń ṣubú lórí ẹní? Ìgbà tí ìyá mi ò jẹ́ kó simi ló ní òun á lọ fi ojú ara òun rí i, ọjọ́ náà sì ni fìlà rẹ̀ jábọ́. Físíò kò gbà kí wọ́n gbé mi sọ̀. Ó ní kí wọ́n dúró kí ẹ̀rín náà tán lára mi. Nígbà tó tán, ẹṣin gbé ẹsẹ̀, bàbá mi sì ń bá a rìn. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti gbàgbé ìbẹ̀rù rẹ̀, ó ń tẹ orí wo abẹ́ ikùn ẹṣin bó ṣe máa ń wo abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí a délé, ó sọ fún ìyá mi pé ẹ̀yìn ẹranko yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí ṣọ̀kì, irin tó ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà, ń ṣe lábẹ́ mọ́tò, pé ṣọ̀kì tèmi ló ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, pé bóyá ti ẹṣin lè jí i. Lójú bàbá mi, kò sí ohun tí kò jọ mọ́tò láyé yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe di ọjọ́ mi. Ìyá mi á pọ̀n mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ti ń kan ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀, a ó wọ ọkọ̀ akérò dé Anloga Junction, a ó sì sọ̀ láàárín òórùn pákó tútù àti ìró ayùn láti wọ òmíràn. Ní pápá náà, àwọn ìyá mìíràn á ti jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń gùn ún ṣáájú mi, ó kéré sí mi, kò lè sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e sórí ẹṣin, á máa kọrin tí kò ní ọ̀rọ̀. Mo máa ń jowú rẹ̀ nítorí pé Ẹlẹ́ṣin, bí a ṣe ń pe ọkùnrin Hausa náà, máa ń fi kún ìrìn rẹ̀ kó lè parí orin.

Kò sí gàárì. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká ní méjì ni wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ẹṣin, pẹ̀lú okùn awọ kan tí mo lè fi ọwọ́ òsì mi gbá mú. Ẹlẹ́ṣin á di ìjánu, ìyá mi á dúró lósì, ọmọ iṣẹ́ Físíò á dúró lọ́tùn-ún, Físíò fúnra rẹ̀ á máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú, á máa wo mí láì ṣẹ́jú. Ara ẹṣin gbóná. Ìgbóná náà á wọ inú itan mi lọ, ẹsẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè là láìjẹ́ pé mo ké á sì tú sílẹ̀ fúnra wọn. Bí ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìbàdí mi á lọ sọ́tùn-ún, bó bá gbé tòsì, á lọ sósì. Físíò ní bí ènìyàn ṣe ń rìn nìyẹn, pé ẹṣin ń rìn fún mi kí ìbàdí mi lè gbọ́. Ẹlẹ́ṣin á wá dúró lójijì, ẹ̀yìn mi á sì ní láti gbá ara rẹ̀ mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í gbá nǹkan kan mú. Màá wó sọ́rùn ẹṣin, irun rẹ̀ á wọ̀ mí lẹ́nu. Ìyá mi á sáré fẹ́ gbé mi dìde, Físíò á gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, á sì sọ fún mi ní Twi pé, "Tena ase yie," pé kí n jókòó dáadáa, bí ẹni tó ń bá ẹni tí nǹkan kan ò ṣe sọ̀rọ̀. Ìyá mi kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn, èmi náà kórìíra rẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń wọlé sí mi lára. Nílé, ìyá mi á gbé mi sórí awọ àgùntàn, á fi mí sílẹ̀, á sì ké Fátíhà láti fi wọ̀n bí mo ṣe lè pẹ́ tó. Tẹ́lẹ̀, kí ó tó ṣe bísímílà tán ni màá ti wó. Nígbà tí òjò ọdún náà fi dáwọ́ dúró, mo lè jókòó tó odindi Fátíhà kan. Alfa rí i, ó ní òun náà fẹ́ wá sí pápá.

Ẹ gbọ́, ọmọ Ìlọrin ni Alfa. Àwọn tó kì ìlú náà ní wọn kò ní eégún, ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ ni orò ibẹ̀. Bàbá àgbà tirẹ̀ wà lára àwọn tó ń gẹṣin lọ kí ẹ́míà lọ́jọ́ ọdún, a sì ti gbọ́ ìtàn náà títí etí wa fi kún. Ó dé sí pápá pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti agbòòrùn, ó rí mi lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ sì bàjẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀, ẹrú tó ń fa ẹṣin lọ sódò ló ń gùn ún láìsí gàárì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ awọ kan lọ ní Zongo, àdúgbò àwọn Hausa, ó sì ní kó ṣe gàárì fún ọmọ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ ọba. Gàárì náà rẹwà. Awọ pupa ni, iwájú rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga bí ti àga afẹ̀yìntì, wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé ṣe iṣẹ́ sí i létí.

Àsìkò tí gàárì náà dé, Físíò ti lọ sí Accra fún ẹ̀kọ́ oṣù mélòó kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bójú tó wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Alfa, ó wo irùngbọ̀n funfun rẹ̀, ó wo ìyá mi. Ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Wọ́n di ẹṣin ní gàárì, wọ́n sì gbé mi bọ̀ ọ́, iwájú gbà mí láyà, ẹ̀yìn gbà mí lẹ́yìn, mo sì jókòó gbọn-in. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀. Kò rí mi rí kí orí mi dúró sókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya mí ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí n'Ílọrin, àwọn yẹn sì ránṣẹ́ àdúrà padà. Èmi ńkọ́? Mo ti di ẹ́míà. Mò ń gbé ọwọ́ òsì mi sókè kí àwọn ìyá abẹ́ igi bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń kí ọba, n kò sì jowú ọmọbìnrin olórin yẹn mọ́, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Mo gbọ́ òwe náà lẹ́nu ìyá mi ní àìmọye ìgbà, n kò rò pé ó kàn mí.

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn. Alfa ti mú ọjọ́ wòlímà, lẹ́yìn ọyẹ́ ni, ìyá mi sì ń gbé mi sórí awọ àgùntàn lójoojúmọ́ láti dán mi wò. Mo wó ní ìdajì Fátíhà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wó ṣáájú ìyẹn. A ní oorun ló ń kùn mí. A ní ọyẹ́ ni. Nígbà tó yá, àwáwí tán. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń ka ibi tí wọ́n máa kà lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an pé màá gbọ́ wòlímà náà láti orí ẹní.

Físíò padà dé ní Sátidé kan tí Alfa àti bàbá mi wà níbẹ̀. Ó rí mi lórí gàárì, mo gbé ọwọ́ kí i. Ó ní kí Ẹlẹ́ṣin dá ẹṣin dúró, kí wọ́n tú gàárì, kí wọ́n dá bùláńkẹ́ẹ̀tì padà. Wọ́n gbé mi jókòó. Kí ẹṣin tó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, mo ti ká sórí ọrùn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. N kò lè gbé orí mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí àwọn ènìyàn a máa gbàgbé pé mo ní etí.

Físíò tẹ̀ ba kí Alfa. Ó ní, "Nana, mepa wo kyɛw, bàbá, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n sọ fún mi pé ẹ ò gbà kí ìyá rẹ̀ dì í lẹ́yìn mú tó bá ń kàwé." Twi ló sọ, Alfa sì gbọ́ Twi bí ọmọ ibẹ̀. Alfa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà na ọwọ́ sí gàárì tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Ohun tó ń dì í lẹ́yìn mú nìyí."

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi ló bọ́ síwájú, ó sì bèèrè ohun tí kò bèèrè láti ọjọ́ yìí wá, ohùn rẹ̀ sì wá sísàlẹ̀ débi pé n kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Ó ní, "Madam, ìgbà wo lọ́mọ mi máa rìn?"

Físíò dá a lóhùn pé, "Maame, kò ní rìn. Àmọ́ ó lè jókòó. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà fún mi lọ́wọ́ gàárì yìí, á jókòó." Ó wá fi ọwọ́ líle rẹ̀ yẹn kan èjìká ìyá mi, ó ní, "Due," ọ̀rọ̀ tí àwọn Àṣàńtí fi ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Láti orí ọrùn ẹṣin ni mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń mì, tí kò sì sí ohùn kankan. N kì í purọ́, ìròyìn náà kò dùn mí bó ṣe dun òun. N kò rìn rí, n kò mọ adùn rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó gbé e dìde ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé yẹn. Èmi ń wá ìjókòó, òun ń wá ìrìn, a sì ti jọ wọ ọkọ̀ kan náà láti ìgbà yìí láì mọ̀ pé ibi tí a ń lọ kò dọ́gba. Mo sọkún sínú irun ẹṣin náà. Kò sún kúrò.

Alfa ló fọhùn nígbẹ̀yìn. Ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ní kí Ẹlẹ́ṣin gbé gàárì náà lọ, kó máa fi gba háyà Sàlá. Lẹ́yìn náà ló fi agbòòrùn rẹ̀ fún bàbá mi, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi níbi tí ìyá mi máa ń dúró sí, ó sì di itan mi mú. Arúgbó ni. Gbogbo Sátidé títí di ọjọ́ wòlímà ló bá ẹṣin rìn yí pápá náà ká nínú ọyẹ́. Bó bá ti ń rìn, á ké ìdajì ẹsẹ Kùránì kan, á dákẹ́, èmi á sì parí rẹ̀. Físíò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní èémí àti ẹ̀yìn ń kọ́ láti jọ ṣiṣẹ́. Bí mo bá wó, Alfa kì í gbé mi. Á dúró ti ẹṣin, á máa retí kí n fúnra mi dìde.

Lọ́jọ́ wòlímà, wọ́n ta kánópì síwájú ilé wa, àwọn ẹgbẹ́ mi sì kàwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ka ibi tó gùn, ìjọ sì ń kábárà. Èmi ni wọ́n fi kẹ́yìn. Súrà kúkúrú ni Alfa yàn fún mi, ó sì bí mi nínú, nítorí mo mọ èyí tó gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ìyá mi gbé mi sórí awọ àgùntàn, ó gbé wàláà lé mi nítan, ó rọra mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì lọ jókòó láàárín àwọn obìnrin. N kò rí ibi tó wà. Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi ń lọ́, ó ń pẹ́, àwọn tí kò mọ̀ mí sì ti ń wo ara wọn lójú. Ní àárín rẹ̀, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìbàdí mi yẹ̀ sósì, ọrùn mi rọ̀, mo sì rí i pé mò ń lọ. Àwọn obìnrin ní "Subhanallah." Ìyá àgbà kan láti ilé kejì ti dìde kó wá gbá mi mú.

Alfa ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Ọwọ́ òsì mi kan ilẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wàláà ń yọ̀ lọ lórí itan mi. N kò ronú nípa Ọlọ́run nígbà náà, kí Ó foríjì mí. Ẹṣin ni mò ń rò, bó ṣe máa ń dúró lójijì tí ìbàdí á wá ibi tí àárín wà fúnra rẹ̀. Ó pẹ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó pẹ́ débi pé bàbá mi jáde kúrò lábẹ́ kánópì nítorí kò lè wò ó. Ṣùgbọ́n mo padà wá. Mo fi ọwọ́ fa wàláà padà sórí itan, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí mo dúró sí gan-an, mo kà á parí. Alfa kò kábárà pẹ̀lú wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ó ti pẹ́. Alfa ti di olóògbé, Físíò ti lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì ti kọ́lé sórí pápá náà. Ọmọbìnrin olórin yẹn kò dàgbà. Àìsàn àyà ló mú un lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé wòlímà mi, ìyá rẹ̀ kò sì tún wá jókòó sábẹ́ igi mọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé ẹṣin ló wò mí sàn. Ẹṣin kò wò mí sàn, ara mi ṣì ń le títí di òní, ìka kan ṣoṣo ni mo sì fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Bàbá mi ló gbé kẹ̀kẹ́ ìjókòó tí mò ń lò ró ní Suame, ó sì fi ṣọ̀kì sí i. Nírọ̀lẹ́, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín ohùn mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ti máa gbọ́ mi yé, ẹ̀rù mi á sì ti máa bà wọ́n bó ṣe yẹ.

Ìyá mi ti darúgbó, ó ṣì ń rán híjáàbù nínú yàrá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé àlejò kan á ti Ìlọrin dé, tàbí ará àdúgbò tí kò rí wa tipẹ́, yóò sì rọ ohùn rẹ̀ sísàlẹ̀ bi í bóyá ọmọ yẹn ti ń rìn. Tẹ́lẹ̀, á wá nǹkan sọ, á ní ó kù díẹ̀, á ní àdúrà ń lọ lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nígbà tí obìnrin kan bi í, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Kò rìn. Ó jókòó."

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀.